Jíà Kejì

"Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò, sà. Ìka mi ló ń ríran," ni Agbọ́hùn wí.

Ó ti ki ọwọ́ bọ inú bàsíà ọ́ìlì dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde láti inú ilé jíà katakata ògbólógbòó náà, ó ń fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka ìfábẹ̀là. Ohun kan gún un. Ó fà á yọ, èérún irin ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òmíràn tún bá a jáde.

Máníjà oko, ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, yí iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí wá nìyẹn, Bàbá?"

"Eyín jíà ni, sà. Ó ti ń jẹ tipẹ́."

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní oko ńlá náà. Bí katakata bá ń bọ̀ lókèèrè, á ti sọ ohun tó ń dùn ún kó tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Agbọ́hùn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, katakata yìí kan náà já lọ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn abà, ó dojú dé, ó sì tẹ dírẹ́bà rẹ̀ pa. Máníjà kọ̀wé pé ọtí ló fà á. Lóòótọ́, dírẹ́bà ti mutí rí, kódà nígbà kan, ajá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ délé kó tó dé. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti bí àbíkẹ́yìn ni kò ti fẹnu kàn án mọ́. Ọdún kejì rèé.

Òfin oko kò ṣòroó lóye. Bí ẹ̀rọ bá pa òṣìṣẹ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ á máa gbé inú ilé òṣìṣẹ́ títí àbíkẹ́yìn á fi jáde iléèwé. Bó bá jẹ́ ọtí ni, kí wọ́n kẹ́rù kí oṣù tó parí. Olùyẹ̀wò láti olú iléeṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá sọ èyí tó jẹ́.

Agbọ́hùn tú àwọn bọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìdérí ilé jíà sílẹ̀. Jíà kejì ló kọ́kọ́ wò. Eyín tó yẹ kó dúró gbọnrangandan ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti fọ kù. Sípíríǹgì tó yẹ kó dì í mú ti dẹ̀. Ó fọwọ́ ti jíà wọlé, ó yí irin ìdí rẹ̀ bíi pé ẹrù ń tì í láti ẹ̀yìn. Jíà yọ. Ó tún un tì, ó tún yọ. Nígbà tó yọ lẹ́ẹ̀kẹta, Agbọ́hùn rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó yé e bíi pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: tírélà tó kún fún àgbàdo lẹ́yìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú, jíà yọ, bíréèkì àtijọ́ ò sì ká a. Ègé rọ́bà kan ṣì wà lára ọ̀pá jíà, òun ni dírẹ́bà fi ń so ó mọ́ ìdí ìjókòó kó má baà yọ. Agbọ́hùn fúnra rẹ̀ ló gé rọ́bà náà fún un lára tíúbù, lẹ́yìn tó ti sọ fún máníjà lẹ́ẹ̀mẹta pé kó ra jíà, tí máníjà sì ń ní kó ṣe sùúrù. "Máa fi èyí so ó ná," ló wí fún dírẹ́bà, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá ń dùn ún títí wọ egungun.

"Sà, jíà yìí ló pa á. Kì í ṣe ọtí."

Máníjà pa tọ́ọ̀ṣì. "Bàbá, ó ku oṣù mélòó kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ilé ta lẹ ń gbé?"

"Ilé oko ni, sà."

"Ẹ ṣáà bá wa tún un ṣe. Jíà tuntun ti wà ní sítọ́ọ̀, àná ló dé."

Agbọ́hùn pinnu pé òun á fi jíà tó jẹ pa mọ́ sínú àpò, òun á sì gbé e síwájú olùyẹ̀wò. Àmọ́ sítọ́ọ̀ oko kì í yọ̀ǹda tuntun láìgba ògbólógbòó. Agbọ́hùn gan-an ló dá àbá òfin náà lọ́dún tí àwọn kan ń jí ẹ̀yà ẹ̀rọ tà.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá," ni akọ̀wé sítọ́ọ̀ wí, ó nawọ́. "Kí òkú kọ́kọ́ wọlé kí alààyè tó jáde."

Ó gba jíà náà, ó jù ú sábẹ́ tábìlì, ó sì ti fọ́ọ̀mù síwájú. Wọ́n ti kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀: Ìtọ́jú ọdọọdún.

"Ta ló kọ èyí?"

"Máníjà ni. Èmi ò mọ nǹkan kan o."

Agbọ́hùn bọwọ́ lù ú. Ó ní ẹnu òun ṣáà ṣì wà, òun á fi sọ ọ́.

Bó ti ń to ẹ̀rọ padà, èrò mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Bí òun bá dá sípíríǹgì tó dẹ̀ yẹn padà síbẹ̀, jíà á yọ lójú olùyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà lórí ìjókòó nígbà tó bá yọ? Dírẹ́bà tuntun ti dé, ó ti wá kí i láàárọ̀, ọmọ mẹ́ta lòun náà ní. Agbọ́hùn jókòó ti sípíríǹgì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló pààrọ̀ rẹ̀, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó di gbogbo bọ́ọ̀tì. Kò tíì tún ẹ̀rọ ṣe tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyàwó dírẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà, ó pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀. Olùyẹ̀wò so tírélà mọ́ katakata, ó gun òkè, ó fi jíà kejì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fọ́ọ̀mù.

"Ìtọ́jú ọdọọdún nìkan ni mo rí níbí. Ẹ̀yin lẹ bọwọ́ lù ú?"

"Èmi ni, sà."

"Ǹjẹ́ ẹ rí nǹkan mìíràn?"

Máníjà kò wò ó, bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ń ronú ilé tí ìyàwó òun náà ń sùn sí.

"Rárá, sà."

Nígbà tí ọkọ̀ olùyẹ̀wò ti lọ, obìnrin náà wá bá a. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ó búra fún mi pé òun ò mu ún mọ́. Mo gbà á gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá ní ó mutí ni mò ń bá jà."

"Kò mutí, ọmọ mi. Jíà ló yọ. Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Mi ò sọ."

"Ẹ má parọ́ torí kẹ́ ẹ lè tù mí nínú, Bàbá. Ojú mi ló ṣe, jíà yẹn ò yọ." Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n. "Èmi fúnra mi ni màá sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọtí ló pa bàbá wọn, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì lọ sílé lọ di ẹrù.