Kajú àti Wàrà

Rafiatou fi ọwọ́ méjèèjì fún omi èso kajú tó kẹ́yìn, omi rẹ̀ ta sí i lójú. Kò nù ún. Ó da èso náà sínú ìkòkò mọ́ àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata àti ṣúgà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí àwọn ará abúlé Alafiarou bá ti ṣa kóró kajú tiwọn tán, wọn a fi èso rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà nídìí igi. Rafiatou nìkan níí kó o. Ọbẹ̀ rẹ̀ bá àgbò sísun mu, àwọn ọmọdé sì ń fi jẹ másà. Láti ọdún tó kọjá títí di òní, kò sè é mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí.

Ta ni kò mọ̀ pé kajú àti wàrà kì í pàdé nínú ikùn kan? Níhìn-ín, ọmọdé mọ èyí kó tó mọ Fátíhà. Zoulfath, ọmọ Rafiatou, náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ni, ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ sì dùn. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó lá a tán, ó gba wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kiri, ó gbé e mu. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ Rafiatou sáré gbé epo pupa. Wọ́n rọ ọ́ fún ọmọ títí ó fi bì, wọ́n tún rọ òmíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Zoulfath ti kú. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ní ọmọ ẹní kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wo ìkòkò ọbẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ojú.

Lónìí, wọ́n ń sọ ọmọ àbúrò ọkọ Rafiatou lórúkọ. Láàárọ̀ ni Ganiou ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Zoulfath, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Bá wa sè é."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ó sè é. Àwọn àlejò fi jẹ ẹran, wọ́n ń lá ìka. Nígbà tí ariwo wọn gbilẹ̀, ó padà sí ilé ìdáná, ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́, ó da wàrà lé e. Ó ti sú u láti máa jẹ́ apànìyàn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn lójú. Bí ọbẹ̀ yìí bá pa ọmọ, kó pa ìyá náà. Ó ṣe Bísímílàì, ó mu ún tán.

Ó jókòó, ó ń retí inú rírun. Wọ́n pe ìrun àsárì. Inú kò run.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó rí abọ́.

"Kí lo mu?"

"Kajú àti wàrà ni, Ìyá."

Arúgbó náà figbe ta, ó ki ìgò epo mọ́lẹ̀. "Lanu! Lanu kíá!"

"Ó ti pẹ́, Ìyá. Láti ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran ni. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Arúgbó náà dúró, ìgò lọ́wọ́. Rafiatou ti rò pé bí òun bá yè é, ara òun á fúyẹ́. Kò fúyẹ́ rárá. Ibà ló pa Zoulfath. Ibà lásán, èyí tí wọ́n ń wò fún ọmọ aráyé nílé ìwòsàn lójoojúmọ́. Alùpùpù Ganiou tí ì bá gbé e débẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọmọ náà pàápàá ń sunkún pé, "Màmá, inú ò run mí, orí ló ń fọ́ mi," wọn kò gbọ́, epo ni wọ́n ń rọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ rọra jókòó tì í lórí ilẹ̀.

"Èmi ni mo rọ ọ́ fún un," ó wí.

"Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú," ni Rafiatou dá a lóhùn.