Alhaji Nafiou àti Ihò Ògiri Ilé Àlejò

Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé òmùgọ̀ kọjá òkun méje, òmùgọ̀ náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Èrò yìí ni Raliatou ń rún lẹ́nu bí obì, níbi tí ó jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò Lèmọ́mù Moctar, tí ó ń gbọ́ bí Alhaji Nafiou ṣe ń ròyìn ìrìn àjò tí àwọn méjèèjì lọ sí ilẹ̀ Japan.

Ìpàdé náà kì í kúkú ṣe ti ìròyìn. Ọdún kejìlá nìyí lẹ́yìn àpérò ńlá tí ó mú ìjọba tiwa-n-tiwa padà wá, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí ará Tchaourou yóò fi ọwọ́ ara wọn dìbò yan ìgbìmọ̀ kọ̀mún, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni àdúgbò náà lè fi orúkọ rẹ̀ sí lísìtì àwọn olùdíje. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti fẹnu kò sí Raliatou, olùkọ́ jọ́gíráfì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú. Àdúà Lèmọ́mù nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n Nafiou, alága ẹgbẹ́ kan náà, gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni wọ́n gbé fún obìnrin, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí àdúà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti erékùṣù tí àwọn oníṣòwò kajú tó pe ẹgbẹ́ wọn lálejò mú wọn lọ. Ó ní ilé onígi ni ilé àlejò náà, òkun níwájú, òkè lẹ́yìn, àwọn igi tí ewé wọn dà bí abẹ́rẹ́ sì tẹ̀ sórí omi. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ayé ti ń bọ́ bàtà, ìyá arúgbó tó ni ilé sì kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Kò sí àga, ẹní ni láti ògiri dé ògiri. Nínú yàrá tirẹ̀, wọ́n dá ihò gígùn kan sínú ògiri, wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ nǹkan sí kọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé òdòdó kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀.

“Kí lẹ tún ń wá?” ó ní. “Ibi tí Lèmọ́mù ń dúró sí nínú mọ́ṣáláṣí gan-an nìyẹn. Mùsùlùmí làwọn èèyàn yẹn, wọn ò tíì mọ̀ ni.”

Iwájú ihò náà ló sì ti kírun fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn àgbà mi orí. Ìgbà náà ni ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ká lára, ó ní ó ṣeni láàánú pé nínú ilé mímọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn Raliatou ti bọ́ sí ìhòòhò, tí ó wọ inú omi gbígbóná láàárín àwọn àjèjì.

Obìnrin kan fa gèlè rẹ̀ síwájú. Raliatou mọ̀ pé bí òun bá ṣe àlàyé gígùn, àlàyé náà ni yóò di ẹ̀ṣẹ̀, orúkọ òun yóò sì bọ́ lára lísìtì kí oòrùn tó wọ̀. Ó dìde.

“Mo wẹ̀,” ó wí. “Obìnrin mẹ́fà la wà nínú omi náà, ògiri ló wà láàárín àwa àti tọkùnrin, bí àwọn ìyá wa ní Alafiarou ṣe ń wẹ̀ lódò ni. Bí Tonton Nafiou bá rí wa, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n dúró sí.”

Ẹ̀rín bú láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Kò dúró kí ó tán. Ó bi Nafiou pé ìhà ibo ni ihò ògiri náà wà.

“Ìlà oòrùn,” ni Nafiou dáhùn, “níbi tí bàbá mi àti bàbá bàbá mi kọjú sí.”

Raliatou mú ọsàn kan nínú àwo Lèmọ́mù. Ó fi èékánná sàmì sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Tchaourou nìyí, Mẹ́kà nìyí, Japan nìyí lọ́hùn-ún. Ó ṣàlàyé, láìgbé ohùn sókè, pé Mẹ́kà wà láàárín. Ẹni tí ó ti kọjá ọjà, tí ó ṣì ń wo iwájú, ẹ̀yìn ló kọ sí ọjà. Ohun tí Tonton fi orí balẹ̀ fún lọ́jọ́ mẹ́rin kò ju òdòdó lọ, débi pé ìyá onílé rọra gbé ìkòkò rẹ̀ sẹ́yìn kí iwájú orí àlejò má baà fọ́ ọ. Nínú ọkàn rẹ̀ ó fi kún un pé ẹni tí kò mọ ibi tí òun kọjú sí ló fẹ́ máa ṣe amọ̀nà kọ̀mún.

Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè, ó ní ìrun ẹni tí kò mọ̀ ń gbà. Ó wá yíjú sí Nafiou.

“Ṣé ẹnì kankan sọ fún ọ níbẹ̀?”

Bí Nafiou bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí olówó rẹ̀ sinmi.

“Ọmọ yìí náà ni, Àlùfáà. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ló ti ń dà mí láàmú pé kí n yí padà. Mo ní obìnrin kò lè kọ́ mi ní ìrun.”

Lèmọ́mù ka ìka rẹ̀ títí.

“Ogún ìrun ni o máa tún kí,” ó wí. “Kẹ́tù àlùwàlá wà lẹ́yìn ilé.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì burú jù. Nafiou wo ojú àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ọ̀kan tí yóò dì mọ́, ó bá dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tí Lèmọ́mù wá ṣàdúà sí orúkọ Raliatou, tí gbogbo abẹ́ igi ń ṣe àmín, Nafiou nìkan ni kò dáhùn. Ó wà nínú ìrun kìíní, ó ń forí kanlẹ̀ sí ìlà oòrùn. Raliatou wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn náà jẹ. Nínú gbogbo ìrun ìrìn àjò náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọkùnrin yìí kọjú síbi tó tọ́.