Tẹ̀sùbáà Ọ̀gá Kazeem

Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni Àjàgbé wà, tí ọ́ìlì ń kán sí i létí, nígbà tí Momodou tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá táyà, tó sọ fún un pé Ọ̀gá Kazeem ti kú ní Brikama láàárọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni wọn yóò sin ín.

Sípánà ọwọ́ Àjàgbé kò kúrò lórí nọ́ọ̀tì. Ọ̀gá Kazeem ló gbà á sílé nígbà tó ti Ìsẹ́yìn dé láìmọ ẹnìkan, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún méje. Kò tíì pé oṣù méjì tí bàbá náà fi ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún un, tó lọ sinmi ní Brikama.

Nígbà tó fi jáde, àwọn àgbà Yorùbá tó ń gbé ní àdúgbò Half Die ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òjò ti sọ àdúgbò di adágún. Kò sí takisí tó fẹ́ wọ inú omi yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù yìí nìkan ló ga tó láti gbé wọn dé ibi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tí ń mú kí sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni apá ẹnìkan kò lè ká sítíárìn náà nínú ẹrẹ̀.

Ó sáré de pọ́ǹpù mìíràn tó rà lọ́wọ́ Ebrima tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ó fi bẹ́líìtì sí i, ó da ọ́ìlì sí i, ó sì ṣáná sí ọkọ̀. Pọ́ǹpù náà ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ṣí ìdérí, ọ́ìlì ń hó bí ọṣẹ.

Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un dè. Pọ́ǹpù náà tún ké. Ó ránṣẹ́ pe Ebrima, ẹni tó wá tòun ti ṣòkòtò tó ká dé orúnkún, tó sì ń búra pé pọ́ǹpù òun kò lábùkù. Àjàgbé pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Alhagie Yésúfù, tó dàgbà jù nínú wọn, wo oòrùn. “Àjàgbé, àlùwàlá mi ti fẹ́ gbó. Ṣé kí n lọ ṣe òmíràn ni?”

“Alhagie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè.”

Ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé iwájú orí lé sítíárìn. Tẹ̀sùbáà ọ̀gá rẹ̀ tó so kọ́ dígí gbá a lórí. Inú bí i sí tẹ̀sùbáà náà, ó bí i sí bàbá tó ni ín pẹ̀lú, pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bàjẹ́ gan-an ló yàn láti kú.

Ìgbàkígbà tí bàbá náà bá pààrọ̀ irú pọ́ǹpù yìí, yóò fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, yóò jókòó síbí láìṣáná, yóò máa yí sítíárìn jẹ́ẹ́, dópin lósì, dópin lọ́tùn-ún. Yíyí kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan, Sùbùhánallàhi kan, títí di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa ṣẹ́jú síra wọn níta. Àjàgbé ti fò ó lónìí. Àdúrà ló pè é, ó sì gbà pé Ọlọ́run yóò forí ji ẹni tó ń kánjú.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá náà títí ó fi dà bí òjò lórí páànù.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ Ebrima, ó ní kó máa bá òun wo ọ́ìlì. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó padà sórí ìjókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Atẹ́gùn tó há sínú pọ́ǹpù ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ́ìlì.

“Ṣáná sí i jàre,” ni Alhagie wí.

“Ó ku mọ́kànlá, bàbá.”

“Mọ́kànlá kí ni?”

Àjàgbé ń ka tirẹ̀ lọ. Nígbà tó pé, ó ṣáná. Ọkọ̀ náà kàn ń kùn jẹ́ẹ́ ni. Ìka kan ṣoṣo ló fi yí sítíárìn.

Alásárì kò tíì tó nígbà tí wọ́n ran àwọn àgbà lọ́wọ́ gòkè sínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń la omi Half Die kọjá, Alhagie tó jókòó ti Àjàgbé rí i pé tẹ̀sùbáà ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Kò sí atẹ́gùn kankan nínú pọ́ǹpù mọ́. Àjàgbé ti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.