Àwo Tí Israfil Sáìnì Fún Ọkọ Mi

Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò pe ọkọ mi ní òpùrọ́, àmọ́ oyin ló fi pò ó. Lọ́dún 1988 ni. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó àwo orin tí Israfil, olórin tó ti kú, sáìnì jọ, kí wọ́n lè gbé wọn kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́. Mo gbé ti Mìkáílù, ọkọ mi olóògbé, lọ. Ó fi í wé àwọn yòókù. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára tiwọn gún régé; tèmi rí bíi pé adìẹ ló tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bínú, pé ìfẹ́ olórin a máa mú ọkùnrin sọ àsọdùn.

Mìkáílù kì í yé sọ ọ́: ìṣojú òun ni Israfil ti kọ ọ́, níbi ìsọmọlórúkọ Saifudeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, ní Ìkòyí-Ilé, ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, ó ń làágùn bí ẹni tó ń kọ ebè. Bí ìyẹn bá jẹ́ irọ́, èwo ni òótọ́ nínú ohun tó bá mi sọ? Mo ń dìde, mo ń jókòó. Mi ò lè tajà ní Akẹ̀sán. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé àwo náà, mo wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, ó di ọ̀dọ̀ Àlájà Mùjídàt, opó Israfil.

Kò béèrè nípa ọwọ́ náà rárá. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ló béèrè, àti ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ. Mo sọ ọ́ bí Mìkáílù ṣe sọ ọ́, títí dórí òógùn. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni òun àti ìyá Saifudeen bímọ. Ogójì ọjọ́ òun kò tíì pé, òun kò lè bá ọkọ òun lọ òde náà.

"Èmi ni mo máa ń sáìnì fún un, ìyàwó Mìkáílù. Kò mọ̀wé. Bí wọ́n bá gbé àwo wá, á ní báírò òun wà lọ́wọ́ ìyàwó òun nínú mọ́tò." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo kọ́ ọkọ mi láti kọ orúkọ rẹ̀ títí, ó sú mi. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an rèé lára àwo yìí."

"Àwọn ti Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò ńkọ́, màmá?"

"Tèmi ni gbogbo wọn."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ sọ fún un. Ó yọ jígí ojú rẹ̀.

"Kí n dúró lójú ayé, kí n ní ọkọ mi ò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ? Ìwọ tó o ti Ọ̀yọ́ wá nítorí orúkọ ọkọ tìrẹ?"

Mo gbé àwo mi, mo wọ mọ́tò padà sí Ọ̀yọ́.

Mo dá àwo náà padà síbi tí Mìkáílù gbé e kọ́ sí. Ọládépò rí mi lọ́jà, ó ní òun nírètí pé mo ti gba kámú. Mo ní mo ti gbà. Ó ń mú àwọn èèyàn kiri gbọ̀ngàn náà, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo bí ọwọ́ Israfil ṣe gún. Bí mo bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ṣe ni mo máa ń sáré. Ẹnu ń yún mi.