Ẹnu Tí Mo Fi Júwe Ilé Adájọ́

Ẹ má tíì bi mí léèrè ìdí tí n kò fi jẹun àárọ̀. Àlá kan ni mo lá lóru àná, ìtìjú rẹ̀ ò sì tíì kúrò lójú mi. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín. Ẹni tó bá máa rẹ́rìn-ín, kó rọra rín in.

Mo rí i lójú àlá pé èmi aránṣọ yìí ti di òṣìṣẹ́ ìjọba. Sẹkitéríàtì wa ti kúrò nílẹ̀, ó so rọ̀ lókè ìlú bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Inú korobá ni a ń wọ̀, wọn a sì fi okùn kànga fà wá gòkè. Kò jọ mí lójú rárá. Ohun tí mo kàn béèrè ni bóyá mo ti pẹ́ dé.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Kúṣoró, mú mi lọ síwájú àmù ńlá kan. Ó ní inú rẹ̀ ni ìjọba kó ibùgbé àwọn adájọ́ àti àwọn aláṣẹ sí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń sùn, nítorí àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ kì í gbàgbé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó lé ọmọrí àmù náà. Mo jókòó.

"O wúwo o," ni àmù wí.

"Má bínú," ni mo wí. "Iyán ni mo jẹ lálẹ́."

Ibi tí a ti ń bá ọ̀rọ̀ iyán lọ ni Adájọ́ Fẹ́hìntọlá ti wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé irun funfun ilé ẹjọ́. Mo fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó.

"Bàbá Ìtùnú," ó ní, "mo rán ọmọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti búra pé òun máa ká mi mọ́lé. Èmi àti ọmọ mi kékeré nìkan la sì ń gbébẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ ilé mi."

Mo fọwọ́ lu àyà. "Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ lé mi lọ́rùn, wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Adájọ́ kúnlẹ̀ fún aránṣọ! Mo tún ìdí mi gbé kalẹ̀ dáadáa lórí àmù.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọ́fíìsì ti di ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi, àmọ́ àmù ṣì wà lábẹ́ mi. Ọkùnrin kan ń bọ̀ nínú agbádá, àdá wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn. Mo na ọrùn sílẹ̀, mo ń dúró de ọ̀bẹ.

Kò yọ ọ̀bẹ. Ó gbé àdá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Orúnkún Ìyá Ìtùnú ńkọ́? Ṣé ara ti ń balẹ̀ díẹ̀?"

Ó ki mí ní Àjàgbé. Ó ki bàbá mi. Ó ń ki bàbá bàbá mi lọ, orí mi ń wú, àmù ń gbọ̀n lábẹ́ mi.

"Ẹyin lohùn o," ni àmù wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Ẹ̀yin àgbà," ni ọkùnrin náà wí láti ilẹ̀, "ọmọ yín ń wá ilé Adájọ́ Fẹ́hìntọlá."

"N kò lè sọ," ni mo wí, n kò sì sọ ọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Ọmọ ọlọ́mọ á dọ̀bálẹ̀, á béèrè orúnkún ìyàwó ẹni, kí a wá jẹ́ kó dìde lófo? Ẹnu mi yọ síwájú fúnra rẹ̀, ó nà sí àdúgbò ẹ̀yìn ilé ẹjọ́. Mo fẹ́ fà á padà, ó ti gùn jù.

Ọmọrí àmù là. Ọ̀gá Kúṣoró sáré jáde, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ta ló júwe ilé?" ó ní, ó sì ń jẹ táì náà lọ.

Kọmíṣọ́nnà di ewúrẹ́. Akọ̀wé àgbà di ewúrẹ́. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dáhùn. Kíá, ìrọ̀lẹ́ dé, ẹ sì mọ ewúrẹ́: bílẹ̀ bá ti ń ṣú, ilé ló ń lọ, kò sí ẹni tó ń júwe fún un. Oníkálukú kọrí sílé rẹ̀, àwọn tó ń wá wọn sì ń tẹ̀ lé wọn. Ẹnu mi ti júwe àdúgbò. Ewúrẹ́ ló kù tó máa júwe géètì.

Adájọ́ Fẹ́hìntọlá náà wà níbẹ̀, abo ewúrẹ́ pupa kékeré, irun funfun lórí. Ó jókòó sáàárín títì, ó kọ̀, kò lọ sílé, nítorí alágbádá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe ké lókèèrè: "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde kí òun fúnra rẹ̀ tó dìde.

Mo bu èèpo iṣu, mo ń pè é kó yà sọ́dọ̀ mi. Kò fẹnu kàn án. Ó wò mí.

"Bàbá Ìtùnú, ṣé wọ́n fi ọ̀bẹ lé yín lọ́rùn ni?"

"Rárá o," ni mo wí. "Ó kí mi ni."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ń lọ, alágbádá ń tẹ̀ lé e. Ojú tì mí débi pé mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ ní òun ti tilẹ̀kùn fún ti òní. Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá obìnrin kan tí n kò rí rí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì dání, ó tẹ orúnkún ba.

"Ẹ kú ojúmọ́, Bàbá. Ilé Tíṣà Ọmọ́wùnmí ni mò ń béèrè. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Èmi àti Tíṣà la jọ pín ògiri. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fọ abọ́. Mo fi ọwọ́ di ètè mi mú. Ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́ ni, kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni, èmi ò mọ̀. Mo gbé àga fún un, mo bu omi fún un. Bó ṣe ń mu ún lọ́wọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Tíṣà.

"Ẹnì kan ń béèrè yín," mo ní. "Ẹ yọjú wò ó kí n tó dá a lóhùn."

Tíṣà yọjú. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màámi!"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò lè wojú wọn. Ife omi kan péré ni ì bá ná mi lójú àlá láti kọ́kọ́ lọ bi Adájọ́.