Ṣé Bàbá Rẹ Gbà?

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì bá akọ̀ròyìn eré ìdárayá pàdé ní Abidjan. Àwọn tó ń dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ti ń bi wá láti ọdún méjì, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà.

Fadila lorúkọ mi. Èmi ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ti yunifásítì wa. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, Ìgbòho ni bàbá mi ti wá. Ó ń ta àgádágodo àti ìṣó lọ́jà Adjamé, Anoumabo ní àdúgbò Marcory la sì ń gbé. Bí a bá borí o, bí wọ́n bá nà wá o, kí fèrè ìparí tó dún tán ni wọ́n á ti ki gbohùngbohùn bọ̀ mí lẹ́nu. “Vos impressions, capitaine?” Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe rí lára mi. Ẹni tó fi odidi ọ̀sán sáré kiri nínú oòrùn, báwo ni wọ́n ṣe rò pé ó máa rí lára rẹ̀? Ó rẹ̀ mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ká wá ní iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú.

Nimotou, aṣọ́lé wa, dán wọn wò lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rẹ̀ títí ó fi sú u, ó jáde, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìṣẹ́gun ńlá tó fún wa. Akọ̀ròyìn náà mirí, ó ní a kú oríire, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì, àwa ọmọbìnrin mùsùlùmí ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún: ṣé bàbá rẹ gbà? Hamed ni balógun ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Láti ọjọ́ tó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé káàkiri pápá, kò tíì sẹ́ni tó bi í bóyá ìyá rẹ̀ gbà. Christophe ló burú jù nínú wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n ń wò lórí fóònù, ó sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó rí kòkòrò, á wá béèrè bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Èmi náà á dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn: bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi gbà. Mo ń sọ ọ́ kó lè fi mí sílẹ̀ ni.

Bàbá mi kò gbà, kò sì kọ̀. Ẹ̀yìn àgbá omi lẹ́yìnkùlé ni mo ń tọ́jú bàtà bọ́ọ̀lù mi sí. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń bu omi àlùwàlá nínú àgbá náà, kò sì rí bàtà kankan rí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ, ibi tí mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nìyẹn. Torí pé Bàbá Àlàmín, àbúrò rẹ̀, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé gbogbo Marcory ló ti mọ orúnkún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá mi lójú ẹbí, á di dandan kó la ẹnu, mo sì mọ ẹ̀yìn ẹni tó máa wà. Ẹyin lohùn. Bó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀ pé òun ò gbà, kò ní kó o mọ́, bọ́ọ̀lù ti parí fún mi nìyẹn. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan péré ká gbá àṣekágbá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ni Christophe wọ ilé wa. Ẹnì kan ló sọ fún un pé àwọn àgbà wa kì í dá akọ̀ròyìn tó bá wá lọ́wọ́ òfìfo lóhùn, pé kó mú obì dání. Ẹni yẹn kò sọ ìyókù fún un. Ló bá da agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa bora, ó gbé obì tí wọ́n fi ewé pọ́n lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń bá a gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e lẹ́yìn, òun náà wọ agbádá, ó fi àpò ńlá kọ́ èjìká. Bàbá mi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hàjíà Kàdíjátù, tó wá kí wa. Christophe fi ọwọ́ méjèèjì gbé obì síwájú wọn.

“Bàbá,” ó ní lédè Faransé, “ọ̀rọ̀ Fadila ọmọ yín ló gbé mi wá. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń wò ó.”

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó wọ agbádá, tó mú ẹnì kejì dání torí a kì í dá nìkan lọ tọrọ ìyàwó, tó gbé obì kalẹ̀, tó wá ní òun ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún méjì. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n pe ìyẹn? Hàjíà ti la obì kí bàbá mi tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un tán.

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà. Mo rí wáyà gbohùngbohùn tó yọ lẹ́nu àpò, mo sì mọ ohun tó bá wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, ọmọbìnrin náà kì í já wọlé bá wọn. Mo dúró síbẹ̀.

Hàjíà bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ń túmọ̀. Ọmọ ìlú ibo ni? Songon. Ta ni bàbá rẹ̀? Apẹja ni. Ṣé ara bàbá náà le? Iṣẹ́ wo lòun fúnra rẹ̀ ń ṣe? Christophe ní òun máa ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè. Hàjíà ní ó dáa, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé wọn? Ṣé kò níyàwó nílé? Christophe rò pé bí àwọn àgbà ṣe ń kí àlejò ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn. Wọn ò tíì parí nígbà tí Bàbá Àlàmín wọlé. Wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan wá nítorí Fadila, ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọmọ ìlú ibo ni? Ta ni bàbá rẹ̀? Nínú ẹbí wa, ẹnì kan kì í lo ìdáhùn tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aládùúgbò wa kan, ọmọ Ìsẹ́yìn, yà wá kí wọn, òun náà tún gbé e láti Songon.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán lẹ́nu Christophe. Ó ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè tán: ara le, a dúpẹ́, Songon, apẹja, kò sí wèrè. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí, ó dùn mọ́ mi nínú. Ó ku díẹ̀ kí n yọ orí síta kí n bi í pé: vos impressions?

Hàjíà wá béèrè bóyá á máa kírun wákàtí márààrún tó bá ti gbé ọmọ wa sílé. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ó fò dìde, ó ní rárá o, akọ̀ròyìn lòun, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lòun bá wá. Hàjíà dáwọ́ obì jíjẹ dúró. Bàbá Àlàmín ní, “Bọ́ọ̀lù?” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń dúró de ọjọ́ náà, ó sì yíjú sí bàbá mi.

Ẹni tó mọ ìtìjú á ti wá ọ̀nà lọ. Christophe kò mọ̀ ọ́n. Ó yọ gbohùngbohùn jáde, iná pupa tàn lára kámẹ́rà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá, ṣé ẹ gbà kí Fadila máa gbá bọ́ọ̀lù?”

Mo ti gbà nínú ara mi pé ó parí.

Bàbá mi wo obì tó wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó bi Christophe bóyá ó ti bi Fadila fúnra rẹ̀. Christophe ní kò sígbà tóun ò bi í. Kí ló wá sọ? Ó ní ohun tí Fadila máa ń sọ ni pé bàbá òun gbà.

“Ọmọ mi ti dá ọ lóhùn,” ni bàbá mi wí. “O wá gbé ẹ̀rọ wọ ilé mi, lójú ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi, láti wá bi mí bóyá òpùrọ́ lọmọ mi.”

Ó sọ ọ́ lédè Faransé, ó tún un sọ ní Yorùbá kí àbúrò rẹ̀ lè gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá Àlàmín ti la ẹnu. Ó pa á dé. Ta ni nínú ẹbí wa ló máa jókòó níwájú àlejò kó pe ọmọ ilé ní òpùrọ́? Iná pupa kú. Christophe ń kó wáyà rẹ̀ jọ, ó ń tọrọ àforíjì, ó sì ń wo obì. Hàjíà ní kó má wulẹ̀ wò ó, obì tí a ti là kò ṣeé dá padà. Láti ọjọ́ náà ni Nimotou ti ń pè é ní ọkọ mi. Christophe náà kò sì bi mí nípa bàbá mi mọ́. Vos impressions nìkan ló kù fún un láyé.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, bàbá mi pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ń wá irọ́ tí mo máa pa.

“Gbogbo Abidjan ló ń béèrè bóyá mo gbà,” ó ní. “Ìwọ nìkan ni kò bi mí rí.”

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ọdún méjì ni mo fi bú ìbéèrè yẹn, mo bú ẹni tó ń bi mí, mo bú ẹ̀rọ tó fi ń bi mí. Mo wá inú mi títí, kò sí òmíràn tí mo lè bi í.

“Bàbá, ṣé ẹ gbà?”

Ó mú awẹ́ obì kan, ó wò ó, ó jẹ ẹ́.

“Àṣekágbá Samedi yẹn, aago mélòó ni?”

Mo ní aago mẹ́rin ni. Ó ní kí n lọ gbé bàtà yẹn kúrò lẹ́yìn àgbá omi, pé òjò ti ń ṣú.