Ẹyin Tó Sanra Jù

Bàbá wọn kú, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi mọ́tò sílẹ̀. Ekòló òkun ló fi sílẹ̀, nínú ọpọ́n omi iyọ̀, èyí tí àwọn tó ń sin edé máa ń rà fún edé wọn jẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba iṣẹ́ náà. Ìyá Ekòló ni ará àdúgbò ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bí bàbá ṣe ń ṣe é lòun náà ń ṣe é. Bí ekòló bá yé, á fi ìyẹ́ adìẹ tí bàbá fi ń ṣẹyin ṣa èyí tó tóbi, tó funfun, sínú ọpọ́n ìran, níbi tí àwọn ìyá ekòló wà. Àwọn tó rí bíńtín, tó ṣú bí ewé, á dà wọ́n sí garawa ẹnu ọ̀nà.

Lọ́dún yìí, ẹyin ń sanra, ọmọ ò jáde. Bí ọpọ́n yìí bá ṣófo, ìran ekòló bàbá parí nìyẹn. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn gbé ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan wínníwínní di ńlá dé, ó wo ẹyin kan, ó tún wo òmíràn.

"Sọ̀rọ̀ jàre! Àbí ìbejì ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wò ó. Inú ẹyin kún bámúbámú fún nǹkan wínníwínní tó ń rìn.

"Kòkòrò àìfojúrí ni. Ẹyọ kan á wọlé, á jẹ oúnjẹ ọmọ, á máa pín ara ẹ̀ títí ẹyin á fi kún. Òun ló ń sanra, kì í ṣe ọmọ. Ó ti ran àwọn ìyá ekòló pàápàá."

"Àwọn tó sanra ni mò ń ṣà."

"Mo mọ̀."

"Bàbá náà..."

"Bàbá ò ní ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Ekòló fúnra rẹ̀ ló gbé omi kaná. Òun ló dà á sórí ọpọ́n ìran, tìyá tẹyin, kí àrùn náà lè kú. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Iyọ̀ inú ẹkún yìí," ló wí, "á tó sin ekòló mìíràn."

Àbúrò rẹ̀ ò rí ẹ̀rín rín. Ó gbé garawa ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ dà á sí gọ́tà.

"Dúró! Gbé e sílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mú ẹyin bíńtín kan níbẹ̀, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fojú sí i. Nínú ẹyin tó ń dànù látọjọ́ yìí, ọmọ kan ká jọ, ó ń yí po jẹ́jẹ́.

Ó wá ọpọ́n tó mọ́, ó fọwọ́ lásán kó ìyókù sínú ẹ̀. Ìyẹ́ bàbá ṣì wà létí tábìlì. Ó mú un, ó wò ó pẹ́, ó sì jù ú sínú omi gbígbóná.